Àdúrà Lórí Pápá: Ta Ló Di Jẹ́sì Ọmọ Yín Mú?

Kò sí ìgbà kankan tí òfin Amẹ́ríkà sọ pé ọmọ ilé ìwé kò gbọdọ̀ gbàdúrà. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn lélẹ̀ ná, torí ó ti sú mi kí n máa rí i lórí WhatsApp pé wọ́n lé Ọlọ́run kúrò nílé ìwé ní ọdún 1962, wọ́n sì pè é padà ní ọdún 2022. Ohun tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá dúró ní 1962 ni àdúrà tí àwọn aláṣẹ ìjọba fúnra wọn kọ sílẹ̀ fún kíkà nínú kíláàsì. Ọmọ tó bá fẹ́ gbàdúrà tirẹ̀ kó tó jẹun, kó tó ṣèdánwò, kó tó wọ pápá, òfin ò dí i lọ́wọ́.

Ó dáa. Ẹ wá tẹ̀ lé mi lọ sí Bremerton, ní ìpínlẹ̀ Washington. Omi ló là á láàrin pẹ̀lú Seattle. Kóòṣì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Joseph Kennedy, ó ti ṣe iṣẹ́ ológun rí. Ọdún 2008 ló di igbákejì kóòṣì ní ilé ẹ̀kọ́ girama ti ìjọba níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni o, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé mọ́yà sáré. Tí eré bá ti parí, Kennedy á rìn lọ sí àárín gbùngbùn pápá, á kúnlẹ̀, á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Òun nìkan ni lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a lọ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kejì náà dara pọ̀. Ó wá di pé ó ń gbé àṣíborí àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì sókè, tó ń gbà wọ́n níyànjú, tó sì ń gbàdúrà láàrin wọn. Ẹgbẹ́ náà tún máa ń gbàdúrà pọ̀ nínú yàrá tí wọ́n ti ń wọṣọ eré.

Ṣé ẹ mọ ohun tó tú u síta? Ìyìn ni! Òṣìṣẹ́ ilé ìwé mìíràn ló yìn ín fún ọ̀gá ilé ìwé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, pé ohun tí wọ́n ń ṣe yìí dára. Ibẹ̀ ni àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ti gbọ́. Wọ́n kọ̀wé sí i pé kó má darí àwọn ọmọ mọ́. Ó jáwọ́ díẹ̀, àwọn lọ́yà rẹ̀ sì kọ̀wé padà pé ó máa tún padà sí àárín pápá. Ó padà lóòótọ́, ní eré mẹ́ta nínú oṣù Kẹwàá. Ní eré àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta yẹn, àwọn èrò ya wọ pápá débi tí wọ́n fi taari àwọn ọmọ tó ń fun fèrè fún ilé ìwé ṣubú. Wọ́n ní kí Kennedy lọ jókòó sílé, owó oṣù rẹ̀ ṣì ń wọlé. Ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ẹjọ́ náà fà títí di ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 2022, tí adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án sọ pé Kennedy ló jàre.

Ẹ dúró níbí o. Ẹ dúró dáadáa, torí ibí ni gbogbo ayé ti ń ṣubú.

Ẹ̀yin tínú yín dùn sí ìdájọ́ yẹn, àti ẹ̀yin tínú bí, ohun kan náà lẹ ń sọ: pé ilé ẹjọ́ ti gba kóòṣì láàyè láti kó ọmọ jọ kó sì máa gbàdúrà fún wọn. KÒ SỌ BẸ́Ẹ̀. Eré mẹ́ta oṣù Kẹwàá yẹn nìkan ni adájọ́ Neil Gorsuch, tó kọ ìdájọ́ náà, gbé ìdájọ́ rẹ̀ kà. Ó ní àdúrà ara ẹni ni Kennedy gbà ní eré mẹ́ta yẹn, pé kò pariwo, pé àkókò tó gbà á ni ìgbà tí kóòṣì mìíràn lè máa wo fóònù tàbí kí ọ̀rẹ́. Ti yàrá ìwọṣọ ńkọ́? Ti àṣíborí tó gbé sókè ńkọ́? Gorsuch ní Kennedy ti fi ìwọ̀nyẹn sílẹ̀, wọn kò sì torí wọn dá a dúró. Adájọ́ Sonia Sotomayor tó ta ko ìdájọ́ náà kò gbà. Ó lẹ fọ́tò mọ́ ìwé tirẹ̀, níbi tí Kennedy ti wà láàrin àgbájọ àwọn ọmọ, kí gbogbo ènìyàn lè fojú ara wọn wò ó bóyá ẹnìkan ṣoṣo ló ń gbàdúrà níbẹ̀.

Mo tún un sọ: ÀDÚRÀ KÓÒṢÌ FÚN ARA RẸ̀ NI WỌ́N GBÀ LÁÀYÈ. KÌ Í ṢE ÀDÚRÀ KÓÒṢÌ LÓRÍ ỌMỌ YÍN.

Ẹjọ́ àtijọ́ tó ta ko àdúrà tí ilé ìwé ń gbà lórí ọmọ ṣì wà níbẹ̀, kò kú. Ọdún 2000 ni, Santa Fe ti Texas, ìlú kan nítòsí Galveston tí kò jìnnà sí Houston tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí. Níbẹ̀, wọ́n ń fi akẹ́kọ̀ọ́ kan gbàdúrà lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní rárá, mẹ́fà sí mẹ́ta. Ta ló pe ẹjọ́ náà? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé aláìgbàgbọ́ ló ń ta ko àdúrà, ẹ fetí sílẹ̀: ìdílé Mormon kan àti ìdílé ìjọ Àgùdà kan ni! Àwọn tó ń pe orúkọ Jésù nílé. Àdúrà àwọn kọ́ ni wọ́n ń gbà lórí ẹ̀rọ yẹn, ìhàlẹ̀ àwọn ará ìlú sì le débi pé ilé ẹjọ́ fi orúkọ wọn pamọ́. Gorsuch fúnra rẹ̀ dárúkọ ẹjọ́ Santa Fe ní 2022, ó ní ti Kennedy yàtọ̀ sí i. Kò pa á rẹ́.

(Ilé ìwé ìjọba ni gbogbo èyí ń bá wí o. Ilé ìwé tí ìjọ dá sílẹ̀, bí ìjọ bá ṣe fẹ́ ni.)

Kí ló wá fà á tí àdúrà kóòṣì fi yàtọ̀ sí àdúrà ọmọ? Nínú ẹjọ́ Bremerton, òbí kan sọ pé ọmọ òun kò gbà pé Ọlọ́run wà, síbẹ̀ ó ń bá wọn dara pọ̀, torí ẹ̀rù ń bà á pé tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọn ò ní máa fi í sínú eré tó. Kennedy kò fipá mú un. Kò sọ̀rọ̀ sí i. Kò sì nílò láti sọ.

Àpẹẹrẹ kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa fi ṣàlàyé èyí. Ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ fẹ́ sìnkú ìyá rẹ̀. Ó pè yín jọ, ó fi léèsì hàn yín, ó dárúkọ iye rẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́: "Kì í ṣe dandan o, ẹni tó bá rọ̀ lọ́rùn ni." Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣe ìgbéga. Ta ni nínú yín tó máa jáde pé kò rọ òun lọ́rùn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé ní ogójì ọdún, tẹ́ ẹ lóko, tẹ́ ẹ nílé, ẹ ó ra léèsì yẹn. Ẹ wá ń retí pé kí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún dá dúró lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, níwájú ẹni tó máa kọ orúkọ àwọn tó ń wọ pápá lọ́jọ́ Jímọ̀? Ẹ ṣàánú ọmọ náà!

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń sá eré ìje ní òkè òkun, Mùsùlùmí ni. Bàbá rẹ̀ bi í pé kí ló máa ń ṣe tí kóòṣì bá ń gbàdúrà lórúkọ Jésù. Ó ní òun máa ń ṣe Àmín pẹ̀lú wọn, kí òun tó wá ka Fátíhà nínú ọkàn òun láti fi pa á rẹ́. Inú mi bàjẹ́ nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ọmọ tó yẹ kó máa ro bó ṣe máa gba orí ìlà, ó ń ṣírò ẹ̀ṣẹ̀.

Àwa nílé náà ńkọ́? Nàìjíríà lófin, ó sì ṣe kedere. Abala 38 ìwé òfin 1999, ẹsẹ̀ kejì: wọn kò gbọdọ̀ fi dandan mú ẹnikẹ́ni tó wà nílé ẹ̀kọ́ láti kópa nínú ìjọsìn ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí láti wà níbẹ̀ pàápàá. Ẹ gbọ́, láti WÀ NÍBẸ̀! Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ eré ìdárayá, a mọ bí a ṣe ń ṣe é. Kristẹni ṣí i, Mùsùlùmí pa á dé, gbogbo wa ní ó ti tó. Ó tó fún ọ̀pọ̀, ó sì dáa ju kí ẹ̀sìn kan gbà á tán lọ, mi ò ní kó má rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ Oníṣẹ̀ṣe tó wà lórí ìlà yẹn ńkọ́? Bàbá rẹ̀ jẹ́ babaláwo, ó ń gbọ́ àdúrà méjì, àwọn kan tilẹ̀ ń de Ṣàǹgó mọ́lẹ̀ nínú ọ̀kan, òun náà sì ń ṣe Àmín. Ẹnikẹ́ni kì í bi í. Ilẹ̀ Yorùbá rèé o! Àwọn kan nínú ìjọba ìpínlẹ̀ wa ń fún wa ní ìsinmi Ìṣẹ̀ṣe ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ, a sì ń ṣe bíi pé ọmọ Oníṣẹ̀ṣe kò sí nínú ẹgbẹ́.

Ẹ̀sìn lórí pápá ju àdúrà lọ, mo kàn máa yára kọjá níbẹ̀. Ọjọ́ eré wà níbẹ̀: ní 2012, ilé ìwé àwọn Júù kan ní Houston dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá nínú bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀, wọ́n fi eré wọn sí alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tí Sábáàtì, ọjọ́ ìsinmi wọn, ti wọlé. Àjọ tó ṣètò rẹ̀ kọ̀ láti yí i, àfi ìgbà tí ẹjọ́ délẹ̀ ni wọ́n tó fà á sí ọ̀sán. Wọ́n gbá a, wọ́n sì borí. Aṣọ náà wà níbẹ̀: FIFA gba hijab láàyè ní 2014, síbẹ̀ ní 2019 wọ́n fagi lé èsì ọmọbìnrin kan nínú eré ìje ní Ohio nítorí hijab tí wọn ò gba ìwé àṣẹ fún, kí wọ́n tó wá yí òfin ìpínlẹ̀ náà padà ní 2022. Oṣù Kẹfà 2022 kan náà tí wọ́n dá ẹjọ́ Kennedy ni ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Nàìjíríà gba àwọn ọmọ láàyè láti wọ hijab nílé ìwé ìjọba Èkó.

Ẹ̀yin òbí, kí lẹ máa ṣe? Ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ léèrè nílé, níbi tí kóòṣì ò sí. Tí kò bá fẹ́ kẹ́ ẹ dá sí i, ẹ gbọ́ tirẹ̀ ná. Tó bá fẹ́, ẹ bá kóòṣì sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, ẹ má dúró sétí pápá kẹ́ ẹ máa pariwo, torí ọmọ yín ló máa padà wá lọ́la. Tí kò bá yí padà, ẹ kọ ìwé sí ọ̀gá tó ń bójú tó eré ìdárayá nílé ìwé náà.

Ẹ̀yin kóòṣì, èmi ò ní kẹ́ ẹ má gbàdúrà. Ẹ gbà á! Ẹ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ kúnlẹ̀, ẹ tẹ́ ẹní ìkírun, ẹ bá Ẹlẹ́dàá yín sọ̀rọ̀. Tí àwọn ọmọ bá fúnra wọn pé jọ láti gbàdúrà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì yàgò, kẹ́ ẹ má lè mọ ẹni tó wà níbẹ̀ àti ẹni tí kò sí. Ìṣẹ́jú kan ti ìdákẹ́jẹ́ á gba gbogbo ẹ̀sìn. Ohun kan tó rọrùn jùlọ tún wà, tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí: orúkọ àwọn tó máa wọ pápá, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri KÍ ÀDÚRÀ KANKAN TÓ WÁYÉ. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ eré, bó bá ṣeé ṣe. Ọmọ tó ti rí orúkọ ara rẹ̀ lórí ìwé kò ní máa wo ojú yín kó tó mọ̀ bóyá kó ṣe Àmín.