"Ojú Gbooro O": Bí A Ṣe Ń Gba Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu Àlejò Oríṣiríṣi Lórí Pọ́díkáàsì

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin òǹwòran wa. Ká ní ẹ ya ìsọ̀ onídìrí lónìí, kí lẹ máa kọ́kọ́ sọ? Bí wọ́n bá kọ́ yín nílé, ẹ ò ní sọ "Ẹ káàárọ̀" kẹ́ ẹ wá dákẹ́. "Ojú gbooro o" lẹ máa sọ, òun náà á dáhùn pé, "Òòyà á yà o." Ọdẹ ńkọ́? "Àrìnpa o." Aláró? "Àrẹ̀dú o." Àgbẹ̀? "Àroko bọ́dún dé o." Kẹ́ ẹ tó bi babaláwo ní ohunkóhun, "Àbọrú, àbọyè" ti gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu yín.

Ìdí tí mo fi mú ìkíni bẹ̀rẹ̀ ni pé orí pọ́díkáàsì, ìyẹn ètò tí à ń gbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, la wà lónìí, irú èyí tí atọ́kùn ń gba àlejò láti ibi gbogbo: awakọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, agbẹ̀bí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì lẹ́yìn rẹ̀, lórí àga kan náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé máìkì olówó ńlá ló ń mú irú ètò bẹ́ẹ̀ dùn. Irọ́ ni. Ilẹ̀kùn tí atọ́kùn kàn lára àlejò ló ń mú un dùn. Àwọn tó dá ìkíni iṣẹ́ wọ̀nyẹn sílẹ̀ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́: kí èèyàn níbi iṣẹ́ rẹ̀, á mọ̀ pé òun gan-an lo wá bá.

Ẹ jẹ́ ká sáré gba inú ìtàn kọjá. Lọ́dún 2003, ní Cambridge, ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, oníròyìn kan tó ń jẹ́ Christopher Lydon bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀rọ̀ wá àwọn èèyàn lẹ́nu wò. Dave Winer, tó gbọ́n nídìí kọ̀ǹpútà, bá a wá ọ̀nà tí ohùn náà yóò fi máa lọ bá olùgbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà ọ̀hún ò ju báyìí lọ: fáìlì kékeré kan wà tó ń to ètò kọ̀ọ̀kan àti ibi tí ohùn rẹ̀ wà, áàpù orí fóònù yín á máa yọjú wo fáìlì yẹn, bó bá ti rí tuntun, á gbé e wá. Kò sí pé ẹ ń tọrọ àkókò lọ́wọ́ ọ̀gá iléeṣẹ́ rédíò kankan. Lóṣù Kejì ọdún 2004, Ben Hammersley kọ ọ̀rọ̀ náà "podcasting" sínú ìwé ìròyìn The Guardian ní Ìlú Ọba. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà ọdún 2005, iléeṣẹ́ Apple ti kó pọ́díkáàsì sínú iTunes, áàpù orin wọn. Ìtàn ẹ̀rọ tán.

Ẹni tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa ti di arúgbó kí gbogbo ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Studs Terkel lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1912 ni wọ́n bí i, ọdún 45 ló sì fi ṣe ètò lórí WFMT, rédíò kan ní Chicago. Ó fọ̀rọ̀ wá àwọn gbajúmọ̀ lẹ́nu wò, àmọ́ kì í ṣe àwọn yẹn ló jẹ́ kí n máa sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní 1974, ó gbé ìwé kan jáde tó kún fún ohùn àwọn òṣìṣẹ́ lóríṣiríṣi: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ irin, ẹni tó ń gbẹ́ sàréè, obìnrin tó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà, ẹni tó ń fi òkúta mọlé. Kò bi wọ́n pé kí ni èrò wọn lórí ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè. Ohun tí wọ́n ń ṣe látàárọ̀ dalẹ́, àti bó ṣe ń rí lára wọn, ló bi wọ́n.

Baba yìí ò mọ ẹ̀rọ lò rárá. Á tẹ tẹ́ẹ̀pù, tẹ́ẹ̀pù ò ní yí, àlejò ni yóò nawọ́ sí i pé nǹkan yìí mà dúró o. Terkel fúnra rẹ̀ sọ pé àìmọ̀ yẹn ń ran òun lọ́wọ́. Kí ló dé? Nígbà tí àlejò bá ti bá ẹ tún ẹ̀rọ ẹ ṣe, ẹ̀rù ẹ ò bà á mọ́. Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ ba fóònù yín jẹ́ o! Ṣùgbọ́n bí àlejò yín bá jẹ́ kápẹ́ńtà, tí àga tó jókòó lé sì ń mì, ẹ má sáré pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ bi í pé kí ló ṣe àga.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2003, wọ́n gbé yàrá kékeré kan tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀ sí ibùdókọ̀ ojú irin Grand Central ní New York. Dave Isay ló dá a sílẹ̀, StoryCorps ló pè é. Terkel, tó ti pé ẹni ọdún 91, ló wá bá wọn ṣí i. Èèyàn méjì tó mọ ara wọn á wọlé, wọ́n á jókòó fún 40 ìṣẹ́jú, ọ̀kan á máa bi èkejì. Ọmọ ń bi bàbá, ọmọọmọ ń bi ìyá àgbà. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, ohùn wọn á lọ sí ibi ìpamọ́ Library of Congress, ilé ìkàwé ńlá ti ìjọba Amẹ́ríkà. Ẹ wò ó, gbajúmọ̀ atọ́kùn ò sí níbẹ̀ rárá.

Ó dáa, tiwa ńkọ́? Ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù lọ lórí àwọn ètò wa ni, "Ẹ jẹ́ ká mọ̀ yín." Ìbéèrè yẹn ń pa ètò. Àlejò á bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ, ìlú, iléèwé àti oyè, bí ẹni tó ń wáṣẹ́. Ẹ bi fọ́kánáísà, ẹni tó ń lẹ táyà, pé: "Táyà wo lẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn láàárọ̀ yìí, kí ló sì ṣe é?" Á sọ fún yín nípa ìṣó, nípa awakọ̀ tó ní òun ń padà bọ̀ wá sanwó, nípa kòtò ńlá iwájú ìsọ̀ rẹ̀. Níbẹ̀ lẹ ó ti rántí pé kòtò yẹn ló ń bọ́ ọ. Bí ìjọba bá wá dí i lọ́la, ṣé inú rẹ̀ á dùn? Ìbéèrè kejì dé nìyẹn, ẹ ò sì kọ ọ́ sínú ìwé kankan. Fọ́kánáísà ò ní ìkíni tirẹ̀ bíi ti onídìrí. Ẹni tó ń ṣe POS náà ò ní. Iṣẹ́ wọn dé, ìkíni ò tíì bá a. Ìbéèrè àkọ́kọ́ yín ló máa ṣiṣẹ́ ìkíni fún wọn.

Tó bá jẹ́ àgbàlagbà lẹ gbà lálejò, ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, nítorí náà ẹ má bi màmá pé ọmọ mélòó ló bí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọjọ́ orí rẹ̀, ẹ béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílùú nígbà tí wọ́n bí i. Á kúkú sọ ọ́, á tún fi ìtàn mẹ́ta lé e. Ohun kan sì ń bí mi nínú: atọ́kùn tó ń pe ọ̀jọ̀gbọ́n ní "ẹ", tó wá ń pe mẹ́káníìkì tó dàgbà jù ú lọ ní "o". Olùgbọ́ ń gbọ́ ọ o.

Ìṣòro kan tún wà fún àwa tí à ń fi Yorùbá ṣe ètò. Bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, ọmọ tó gbẹ̀kọ́ á máa gbè é lẹ́sẹ̀: "Hẹ̀n-ẹ́n. Bẹ́ẹ̀ ni mà. Hùn-ún." Lórí ohùn tí a gbà sílẹ̀, gbogbo "hẹ̀n-ẹ́n" yẹn á gun orí ọ̀rọ̀ àlejò, kò sì ní ṣe é gé kúrò. Ẹ wá dákẹ́ pátápátá, màmá á dúró: "Ṣé o ṣì ń gbọ́ mi?" Ọgbọ́n tí mo dá sí i ni pé kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń sọ fún wọn pé, "Mà, orí ni n ó máa mì o, ẹ má bínú." Bí wọ́n bá sì dákẹ́, ẹ má sáré lọ síbi ìbéèrè tó kàn. Ẹ ka ení, èjì títí dé àrún nínú yín. Ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń tẹ̀lé ìdákẹ́jẹ́ yẹn lẹ tìtorí ẹ̀ wá.

Ti ẹ̀rọ ò le. Ẹ wá yàrá tó ní kọ́tìnì àti àga onífóòmù, ẹ pa fáànù, ẹ yọ fíríìjì lórí iná, ẹ fi máìkì kékeré há àlejò lọ́rùn aṣọ. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ tó gbé e jáde, ẹ jẹ́ kí àlejò gbọ́ ọ. Terkel máa ń sọ ìtàn obìnrin kan tó fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, tó ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ nínú ilé tí ìjọba kọ́ fún àwọn aláìní. Àwọn ọmọ ní àwọn fẹ́ gbọ́ ohùn màmá àwọn, Terkel bá tẹ ẹ̀rọ. Obìnrin náà gbọ́ ara rẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ní òun ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bó ṣe rí lára òun nìyẹn.

Èmi náà gbé fóònù sétí ìyá aláró kan ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn tá a sọ̀rọ̀ tán. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní ohùn òun ti le jù. Lẹ́yìn náà ló ní kí n yọ ibì kan kúrò, ibi tó ti sọ bó ṣe ń po aró rẹ̀ gan-an. Ó ní ọmọ òun obìnrin ni òun ń tọ́jú ìyẹn fún. Mo yọ ọ́.