Pickup yín ń dún kó-kó-kó? Ẹ má tíì lọ ra ṣọ́ọ̀kù o

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará mi. Hilux tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, iṣu ló máa ń kó wá sí ọjà Bodija n'Íbàdàn. Oníọkọ̀ ní tó bá ti wọ gálọ́ọ̀pù báyìí, iwájú ẹ̀ á máa dún kó-kó-kó, wọ́n ti bá a pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kù lẹ́ẹ̀mejì níbòmíì, owó ti lọ, ariwo ò lọ.

Táyà la máa kọ́kọ́ wò. Ìwé kékeré kan máa ń wà lára férémù ilẹ̀kùn dírẹ́bà, ibẹ̀ ni wọ́n kọ iye atẹ́gùn sí, ẹ ní kí fọkanáísà fi géèjì wọ̀n ọ́n. Táyà tó bá le jù, tí ọkọ̀ ò sì rẹrù, á máa ta yín sókè ni, ẹ̀ẹ́ wá máa rò pé nǹkan míì ló bàjẹ́.

Ó yá, ẹ tẹ igun iwájú kan mọ́lẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ jù ú sílẹ̀. Tó bá lọ sókè tó sọ̀ kalẹ̀ tó dúró, ṣọ́ọ̀kù ṣì ń ṣiṣẹ́. Tó bá ń jó lọ jó bọ̀, ó ti kú nìyẹn, méjèèjì lẹ máa pààrọ̀ pọ̀, ẹ má pààrọ̀ ẹyọ kan. Eléyìí ò jó, kò sì jo ọ́ìlì.

Ẹ di táyà ẹ̀yìn, ẹ gbé jáàkì sábẹ́ apá ìsàlẹ̀, ìyẹn irin tó so táyà mọ́ férémù, kẹ́rù lè kúrò lórí bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, oríkèé tó wà lórí apá níhà táyà. Mo bẹ̀ yín, ẹ ki sítáǹdì bọ̀ ọ́, kẹ́nikẹ́ni má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Ẹ fọwọ́ kan mú táyà lókè, ọwọ́ kejì nísàlẹ̀, ẹ mì ín. Tó bá ń yẹ̀, ẹ ní kí ọmọṣẹ́ yín tẹ bíréèkì. Tí yíyẹ̀ yẹn bá dúró, béárìnì ni, tí ò bá dúró, ẹ wo bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì. Tiwa yìí ò yẹ̀ rárá.

Ó ku búṣì, ìyẹn rọ́bà tó wà níbi tí apá ti so mọ́ férémù. Mo ki irin gígùn bọ ààrin apá àti férémù, mo gbé e díẹ̀, ẹ sún mọ́ ibí, ṣé ẹ rí rọ́bà yẹn? Ó ti ya yí po, bẹ́ẹ̀ tuntun ni, oníọkọ̀ ò tíì lò ó pẹ́. Ẹni tó fi sí i, inú afẹ́fẹ́ ló ti dè é pa, tí táyà ń rọ̀ dirodiro. Ẹ jẹ́ n fi hàn yín. A ti gbé jáàkì padà sábẹ́ férémù, apá rọ̀ wálẹ̀, mo fi ẹfun fa ìlà kan láti ara apá dé ara férémù. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ọmọ mi, rọra. Ẹ wo ìlà yẹn, ó ti já sí méjì, apá ti lọ sókè, férémù dúró síbi tó wà. Bí ìlà yẹn ṣe jìnnà síra wọn yẹn ni rọ́bà á ṣe wà ní lílọ́ látàárọ̀ dalẹ́, gálọ́ọ̀pù á tún máa lọ́ ọ sí i títí á fi ya. Nítorí náà, ẹ ki búṣì tuntun bọ̀ ọ́, ẹ fọwọ́ lásán yí nọ́ọ̀tì, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kí gbogbo táyà jókòó sílẹ̀, ẹ mì ín lẹ́ẹ̀mẹta, ìgbà yẹn gan-an lẹ ó tó fi sípánà dè é pa. Ẹ má da ẹ́ńjìnì ọ́ìlì sí rọ́bà torí pé ó ń han, ńṣe ló máa wú tá á rọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lọ ra búṣì ní Araromi ní Gate, ẹ mú ti àtijọ́ dání, ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ò ní pẹ́ẹ́ yẹ̀ wò. Ẹ fi téèpù wọn ojú sípíríǹgì dé àárín táyà lápá méjèèjì. Tí ọ̀kan bá gùn ju ìkejì lọ, sẹ́ńtà bóòtì, ìyẹn bóòtì àárín sípíríǹgì, lè ti já, ọkọ̀ á máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Ẹ dè yú-bóòtì náà wò, ìyẹn bóòtì tó tẹ̀ bí lẹ́tà U tó di sípíríǹgì mú.

Ó yá, a ti ki búṣì tuntun bọ̀ ọ́, a ti ń sún mọ́ Iwo Road, gálọ́ọ̀pù tó wà níwájú yìí ló máa ń dún jù, ẹ tẹ́tí… ẹ gbọ́? Kò dún mọ́. Ó ku ká lọ ṣe aláìnmẹ́ǹtì, kí táyà lè dúró tọ́.