Èdè Abínibí Kọ́ Ló Ń Fa Ọmọ Sẹ́yìn

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, mo kí yín. Ìbéèrè kan ni mo bá wá: bí wọ́n bá fi Yorùbá kọ́ ọmọ, ṣé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ní mẹ́hẹ? Wọ́n ti dán an wò nílẹ̀ wa níbí.

Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's 'A' ní Mọdákẹ́kẹ́. Àwọn ọmọ kan fi Yorùbá kọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ láti ìwé kìíní títí dé ìwé kẹfà. Àwọn yòókù ń bá àṣà àtẹ̀yìnwá lọ: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta tó kù. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sọ ni pé wọn ò lé Gẹ̀ẹ́sì kúrò ní kíláàsì Yorùbá o. Olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́ ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ló mókè. Nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, wọn ò rẹ̀yìn.

Ẹ wo ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìwé kẹrin. Àsìkò yẹn gan-an ni ìṣirò ń le sí i, àsìkò yẹn náà ni àṣà àtẹ̀yìnwá yẹn ń pààrọ̀ èdè mọ́ ọn lẹ́nu. Bi í nílé pé bí èèyàn mẹ́ta bá pín ọsàn méjìlá dọ́gbadọ́gba, mélòó ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Á dáhùn kí o tó pa ẹnu dé. Kọ ìbéèrè kan náà sójú pátákó ní Gẹ̀ẹ́sì, á dákẹ́. Wọ́n á ní olódo ni. Ó máa ń dùn mí, torí orúkọ yẹn a máa bá ọmọ dàgbà.

Iṣẹ́ Ifẹ̀ kò rọrùn. Kò sí ìwé sáyẹ́ǹsì Yorùbá tí wọ́n lè rà. Àwọn fúnra wọn ló jókòó kọ ìwé ọmọ àti ìwé atọ́nà olùkọ́. Ibẹ̀ ni ìjọba kì í fẹ́ náwó sí.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ni fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní èdè abínibí ló fà á tí àwọn ọmọ fi ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò àṣejáde. Mi ò gbà. Ọmọ tó ṣe WAEC lọ́dún 2025 ti kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2019. Báwo ni ìlànà ọdún 2022 ṣe wá bá a níbẹ̀?

Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ le ní kíláàsì Èkó tí ọmọ Yorùbá, Ígbò, Haúsá àti Ègùn jọ jókòó sí. Ìyẹn fẹ́ ètò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìlú tí gbogbo kíláàsì ti ń sọ Yorùbá, kí ni àwáwí wa?

Nígbà tí ẹ bá lọ ìpàdé òbí àti olùkọ́, ẹ bi ọ̀gá ilé-ìwé pé èdè wo ni wọ́n fi ń ṣàlàyé ìṣirò ní ìwé kẹrin, ìwé wo ni wọ́n ń lò, ta ló sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì.