Owó Ilé l'Abuja: Ẹ Yí Ìwé Ajẹ́ńtì Padà

Ẹ wo ìwé pélébé yìí dáadáa. Ajẹ́ńtì kan ló fi bírò kọ ọ́ fún mi ní Kubwa, nítorí yàrá kan àti pálọ̀. Owó ilé, ₦800,000. Ajẹ́ńtì, ₦80,000. Àgírímẹ́ǹtì, ₦80,000. Kọ́ṣọ̀n, ìyẹn owó ìdúró nítorí ohun tó bá bàjẹ́ nínú ilé, ₦100,000. Mo rò ó pọ̀, ó di ₦1,060,000. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ₦800,000 lẹ pè é?" Ó ní, "Ilé nìyẹn. Èyí tó kù ni ẹnu ọ̀nà."

Àwọn tó ń ṣírò ọ̀rọ̀ ilé máa ń sọ pé kí owó ilé má kọjá ìdá 30 nínú 100 owó tó ń wọlé fúnni. Ó dáa. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ ₦70,000. Lọ́dún, ₦840,000. Ìdá 30 rẹ̀, ₦252,000. Ẹ bá mi wá ilé ₦252,000 ní Gwarinpa, ẹ̀bùn yín ń bẹ lọ́dọ̀ mi.

Ohun tó lé ọ̀pọ̀ wa dé Mararaba nìyẹn, tí kì í tilẹ̀ ṣe Abuja mọ́, ìpínlẹ̀ Nasarawa ni. Owó ilé rọjú níbẹ̀. Àmọ́ ká ní ₦1,500 lẹ fi ń wọkọ̀ lọ-bọ̀ lójúmọ́: ọjọ́ 22 lóṣù, ₦33,000, lọ́dún, ₦396,000. Owó ilé nìyẹn náà, awakọ̀ lẹ kàn ń san án fún. Mi ò tíì ka súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya tó wà lójú ọ̀nà yẹn mọ́ ọn o.

Èyí tó burú jù ni pé ẹ̀ẹ̀kan náà la ń san ti ọdún kan, owó oṣù sì rèé, díẹ̀díẹ̀ ló ń wọlé. Àjọ àti kọpuréétífù ló ń gbà wá. Ní 2022, Sẹ́nétọ̀ Smart Adeyemi láti Kogi gbé àbádòfin lọ sílé aṣòfin àgbà pé kí onílé má gbà ju ti oṣù mẹ́ta lọ ṣáájú. Kò di òfin.

Ẹni tó fẹ́ kọ́ tirẹ̀ ńkọ́? Owó National Housing Fund, ètò ìjọba tó ń yá òṣìṣẹ́ lówó ilé, ìdá 2.5 nínú 100 owó oṣù, ni wọ́n ń yọ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó wà nínú ètò náà. Èlé orí owó tí wọ́n ń yáni níbẹ̀ kéré gan-an sí ti báńkì ìgboro, ṣùgbọ́n láìsí ojúlówó ìwé ilẹ̀, ẹ ò lè yá a.

Ẹ yí ìwé ajẹ́ńtì padà, ẹ kọ owó ọkọ̀ ọdún kan sẹ́yìn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Kẹ́ ẹ sì bi í léèrè: kọ́ṣọ̀n yìí, ṣé màá gbà á padà tí mo bá ń kó jáde? Kó kọ ọ́ sínú àgírímẹ́ǹtì. Èmi ò bèèrè nígbà yẹn. Ọwọ́ onílé mi àtijọ́ ni tèmi ṣì wà.