Ẹ Jẹ́ Kí Píánò Sọ Tẹnu Ẹ̀: Lórí Eré Ẹlẹ́nìkan Nípa Chopin

Ẹ káàsán o, gbogbo yín tẹ́ ẹ jókòó síbí. Ìṣẹ́jú 45 ni wọ́n fún mi, kókó mẹ́rin ni mo kọ sínú ìwé, ẹ bá mi ṣọ́ aago. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á lórí fóònù báyìí, bó ṣe tẹnu mi jáde náà ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́, àwọn ìkíni ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni mo gé kù.)

Irú eré tí mò ń sọ, ẹ mọ̀ ọ́n. Èèyàn kan ṣoṣo lórí ìtàgé, píánò kan, àga kan, bóyá tábìlì kékeré kan tí àtùpà wà lórí ẹ̀. Ẹni yẹn á wọ aṣọ ayé àtijọ́, á ní òun ni Beethoven, tàbí òun ni Chopin, àwọn tó kọ orin nílẹ̀ Yúróòpù láyé àtijọ́ nìyẹn, á máa sọ ìtàn ayé òun fún wa, á sì máa tẹ orin sí i láàárín. Wákàtí kan àbọ̀, kò sẹ́lòmíì tó máa bá a dá sí i. Mo fẹ́ràn eré yìí gan-an, mo ti bá àwọn tó ń ṣe é ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tọ́rọ̀ ẹ̀ fi ń ká mi lára, torí lójú tèmi ẹnu ti wá ń pọ̀ ju ọwọ́ lọ níbẹ̀.

Ohun tí mo bá wá ò ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu nínú eré yìí, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó la etí àwọn èrò. Tó bá ti là á tán, kó jókòó jẹ́ẹ́.

Mo mú Chopin torí pé eré tiẹ̀ ló yá jù láti bàjẹ́. Wọ́n bí i ní 1810 ní Żelazowa Wola, kò jìnnà sí Warsaw ní Póláǹdì. Ó kúrò nílùú ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá 1830, ọmọ ogún ọdún ni, kò sì padà dé'bẹ̀ mọ́ títí tó fi kú ní Paris ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá 1849. Píánò ló kọ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo orin ẹ̀ fún, ìyẹn ni pé ẹnì kan lè dá gbé iṣẹ́ ẹ̀ kalẹ̀ lódindi, ẹ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún Beethoven, torí tẹ́ ẹ bá dé orí Symphony kẹsàn-án ẹ máa wá ẹgbẹ́ akọrin tì. Àmọ́ Chopin fúnra ẹ̀ ò fẹ́ràn gbọ̀ngàn. Nǹkan bí 30 kọ́nsáàtì ìta gbangba ló ṣe láyé ẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ló fi ń jẹun, franc 20 fún ìjókòó kan, alẹ́ ló sì ń tẹ píánò nínú yàrá àwọn ọ̀rẹ́, ohùn ẹ̀ ò sì pọ̀ rárá, ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn á na ọrùn kó tó gbọ́. Ọkùnrin tó rí báyìí la wá gbé sórí ìtàgé tá a ní kó máa rojọ́ láì sinmi!

Kókó àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ òjò. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ fún mi níbí.

Níparí 1838, Chopin bá George Sand lọ sí erékùṣù Mallorca nílẹ̀ Sípéènì (obìnrin ni Sand o, olólùfẹ́ Chopin ni, òǹkọ̀wé sì ni, orúkọ tó fi ń kọ̀wé nìyẹn) pẹ̀lú àwọn ọmọ Sand méjèèjì. Ilé àwọn mọ́ńkì àtijọ́ kan ní Valldemossa ni wọ́n gbà. Ikọ́ ń bá Chopin jà, òtútù mú, píánò tí ilé iṣẹ́ Pleyel ṣe, tó ń retí láti Paris, há sọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, ibẹ̀ ló sì ti parí Prelude mẹ́rìnlélógún, àwọn orin píánò kéékèèké, tí wọ́n ń pè ní opus 28 (opus ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń to iṣẹ́ ẹni tó ń kọ orin). Sand wá kọ ọ́ sínú ìtàn ìgbésí ayé ara ẹ̀ pé lálẹ́ ọjọ́ kan òun àti Maurice ọmọ òun ń bọ̀ láti Palma, òjò ńlá dá wọn dúró lọ́nà, ilẹ̀ ti ṣú gan-an kí wọ́n tó délé. Nígbà tí wọ́n wọlé, Chopin wà nídìí píánò, omi lójú ẹ̀, ó ń tẹ orin kan. Ó ti rò pé wọ́n ti kú. Ó ní òun rí ara òun bí ẹni tó rì sínú adágún, tí omi tútù ń kán sí òun láyà. Sand ní kó gbọ́ òjò tó ń kán lórí òrùlé. Chopin ní òun ò gbọ́ òjò kankan, inú tún bí i nígbà tí Sand ní orin ẹ̀ ń sín òjò jẹ.

Ẹ gbọ́ o, inú bí i! Ẹni tó kọ orin ló sọ pé òjò kọ́.

Sand ò dárúkọ orin náà, àwọn èèyàn ló gbé ìtàn yẹn lé Prelude nọ́ńbà 15 lórí. Ìgbà kan wọ́n pè mí síbi tí wọ́n ti ń fi irú eré yìí dánra wò, mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n dé ibi òjò. Ẹni tó ń bójú tó ohùn tẹ bọ́tìnì, òjò bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ nínú sípíkà, àrá tún sán. Òṣèré jókòó, ọwọ́ ẹ̀ dáa lórí píánò, mi ò parọ́, àmọ́ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lé e lórí, pé òjò ń rọ̀, pé òun dá wà, pé àyà ń dun òun. Ohun mẹ́ta ń bá ara wọn jà, orin ló sì ṣubú.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pa òjò, kí wọ́n pa àrá. Mo wá sọ fún òṣèré pé, "Àbúrò, dákẹ́ ná. Fi ìka kan ṣoṣo tẹ kíì dúdú yìí, A-flat, tẹ̀ ẹ́ léraléra, má kánjú. Kó o kàn sọ fún wọn pé 'èyí ò ní lọ.' Lẹ́yìn náà kó o tẹ orin náà látòkè délẹ̀, o ò gbọdọ̀ la ẹnu ẹ mọ́."

Ó ṣe é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ orin yẹn, ẹ mọ̀ pé nóòtì yẹn ò dákẹ́ lóòótọ́. Ó kọ́kọ́ wà lábẹ́ orin dídùn, èèyàn lè má kà á sí. Tó bá dé àárín, orin ṣókùnkùn, kíì kan náà ni ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀ ti yí padà lórí ìwé, G-sharp ló ń jẹ́ báyìí, ó wá ń dún bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn tí wọn ò dá lóhùn. Orin tún mọ́lẹ̀ padà. Tó bá wá kù díẹ̀ kó parí, nóòtì yẹn dákẹ́ lójijì. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ń dá kọrin lọ, kò sí ègbè kankan nísàlẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lórí àkàbà tó ń so iná, àtìgbà tí orin ti ń lọ ló ti ń fi sípánà ṣiṣẹ́, àmọ́ níbi tí nóòtì yẹn ti dákẹ́, òun náà dáwọ́ dúró. Kò sẹ́ni tó ní kó dáwọ́ dúró. Ó gbọ́ pé nǹkan kan ti lọ. Ohun tí mò ń wá nìyẹn, òjò inú sípíkà ò lè fún un láéláé.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé èrò òde òní ò ní sùúrù, pé tí ẹnu bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún wọ́n á máa wo fóònù. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ò ì gbìyànjú ẹ̀ wò, ẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́ ló ń ba àwọn fúnra wọn, wọ́n wá ń dì í ru èrò.

Ó yá, kókó kejì, ẹnu tí à ń yá Chopin. Lẹ́tà ẹ̀ pọ̀ nílẹ̀, ó sì mọ lẹ́tà kọ, ó máa ń sín àwọn èèyàn jẹ nínú ẹ̀, ó ń kùn nípa owó, nípa ilé, nípa ikọ́. Ìyẹn tó eré ṣe. Àmọ́ ibi tí àwọn tó ń kọ eré fẹ́ débẹ̀ ni yàrá òun àti Sand, ibẹ̀ ni ìwé ò sì sí. Lẹ́yìn tí Chopin kú, Ludwika ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin kó àwọn lẹ́tà tí Sand kọ sí i, ó ń kó wọn lọ sílé, àmọ́ ẹ̀rù bọ́dà Rọ́ṣíà bà á, torí abẹ́ Rọ́ṣíà ni Warsaw wà nígbà yẹn, ó fi wọ́n pamọ́ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ ní Mysłowice, ìlú kan nítòsí bọ́dà yẹn. Ní 1851, Dumas ọmọ, òǹkọ̀wé Faransé yẹn, kàn wọ́n níbẹ̀, ó rí i pé wọ́n dé ọwọ́ Sand, Sand sì dáná sun èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ó tán.

Kí wá ni wọ́n ń fi dí ihò yẹn? Ní 1945 obìnrin kan tó ń jẹ́ Paulina Czernicka jáde pé òun ní lẹ́tà tí Chopin kọ sí Delfina Potocka, obìnrin ọlọ́lá kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀, ọ̀rọ̀ inú wọn gbóná, bẹ́ẹ̀ kò mú ojúlówó ìwé tó lè dúró síwájú ẹ. Ayédèrú ni àwọn tó mọ Chopin dunjú kà wọ́n sí. Síbẹ̀ mo ṣì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òṣèré! Ẹni tó bá mọ̀ pé ayédèrú ni tó ṣì fi sẹ́nu Chopin, irọ́ ló ń pa mọ́ òkú, mi ò ní fi ṣúgà sí i.

Ibí ni arábìnrin kan lẹ́yìn ti nawọ́. Mo ní kó sọ ọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tó bá jẹ́ pé kí ẹnu dákẹ́ lẹ fẹ́, kí ló dé tá ò kúkú lọ sí kọ́nsáàtì? Kí la tún ń pe òṣèré sí?"

Mo gbé ìwé mi sílẹ̀, torí ìbéèrè yẹn ló yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀.

Nínú kọ́nsáàtì, ẹni tí ò mọ ohun tó máa tẹ́tí sí, orin á gba iwájú ẹ̀ kọjá ni. Á dùn mọ́ ọn, kò burú, àmọ́ kò ní mọ̀ pé nǹkan kan dákẹ́. Òṣèré lè sọ fún un ṣáájú. Ẹ mú Prelude nọ́ńbà 4, ti E minor. Ọwọ́ ọ̀tún fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan, nóòtì méjì ló ń lọ ló ń bọ̀ láàárín wọn. Ọwọ́ òsì ló ń ṣiṣẹ́, ó ń rọra sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nóòtì kan yí, òmíràn tẹ̀ lé e. Tí òṣèré bá sọ pé "ẹ máa wo ọwọ́ òsì mi", gbólóhùn kan péré, ẹni tí ò gbọ́ Chopin rí láyé ẹ̀ á rí ilẹ̀ tó ń yọ̀ lẹ́sẹ̀ èèyàn. Wọ́n fi dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì tẹ orin yẹn níbi ìsìnkú Chopin ní ṣọ́ọ̀ṣì Madeleine ní Paris. Ẹ sọ ìyẹn fún wọn lẹ́yìn tí orin bá tán, ẹ má sọ ọ́ ṣáájú, torí tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ ṣáájú, òkú ni wọ́n máa máa rò, wọn ò ní gbọ́ ọwọ́ òsì mọ́.

Ohun kejì tí òṣèré ní ni ara. Ó lè jókòó sídìí píánò kó má tẹ nǹkan kan. Níbi lẹ́tà tó jóná yẹn, mo gbà pé kó mú ìwé tó ṣófo dání, kó wò ó, kó gbé e sílẹ̀, kó tẹ Nocturne kan, ìyẹn orin alẹ́ jẹ́jẹ́. Ẹ ò parọ́, ẹ ò sì fi nǹkan pamọ́.

Aago ti lọ, wọ́n ti ń juwọ́ sí mi, ẹ jẹ́ n sá eré. Kókó kẹta: Étude opus 10 nọ́ńbà 12 (orin ìdánrawò ọwọ́ ni étude), èyí tí gbogbo eré máa ń sọ pé ìgbà tí Chopin gbọ́ pé Warsaw ti ṣubú sọ́wọ́ Rọ́ṣíà ní 1831 ló fò sídìí píánò tó kọ ọ́. Ó wà ní Stuttgart nílẹ̀ Jámánì, ó bínú débi pé ó bá Ọlọ́run wíjọ́ nínú ìwé àkọsílẹ̀ ara ẹ̀, ìyẹn dájú, àmọ́ pé orin náà jáde lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sí ẹ̀rí ẹ̀. Ẹ ka ìwé náà, ẹ dákẹ́, ẹ wá tẹ orin, àwọn èrò á so ó pọ̀ fúnra wọn. Kókó kẹrin: ẹ yọ màíìkì kúrò lára píánò. Tí gbọ̀ngàn bá tóbi ju ohun tí ọwọ́ lè kún lọ, ẹ wá èyí tó kéré. Ìtàn ọkàn ẹ̀ tí Ludwika gbé lọ sí Warsaw nínú ìgò, tó wà nínú òpó ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross dòní tí ara ẹ̀ tó kù wà ní itẹ́ òkú Père Lachaise ní Paris, ìtàn yẹn tóbi, kí òṣèré dìde dúró sọ ọ́, kó jìnnà sí píánò.

Arábìnrin yẹn tún nawọ́. Ó ní òun ò tíì gbà. Mo ní kò burú, kó máa bọ̀ níwájú. Píánò kan wà ní kọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn yẹn, mo ṣí i, mo fi ìka kan tẹ A-flat, mo tún un tẹ̀, mo tún un tẹ̀. Mo ní, "Èyí ò ní lọ." Mo wá jókòó, mo tẹ orin náà látòkè délẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí nóòtì yẹn ti ń dákẹ́, mo gbọ́ tó mí sínú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.