Ọwọ́ Tó Kọ́kọ́ Kọ Èsì Sílẹ̀: Ọ̀rọ̀ fún Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Fẹ́ Yọ̀ǹda Ara Rẹ̀ fún Iṣẹ́ Ìwádìí

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Òṣogbo, bí mo ṣe tún un kọ fún ẹ̀yin tí ẹ ò lè wá)

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ kún inú gbọ̀ngàn yìí dé ẹnu ọ̀nà, ẹ kú ìjókòó. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè yọ̀ǹda ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ ìwádìí ní láàbù saikọ́lọ́jì, ìyẹn ìmọ̀ nípa ìrònú àti ìwà. N ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá, ẹ ó sì gbọ́ ọ lẹ́nu mi títí yóò fi há yín lórí: kò sí èsì ìwádìí tó lè dára ju ọwọ́ ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, akẹ́kọ̀ọ́ ló ni ọwọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ n ti orí ẹṣin bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe saikọ́lọ́jì ọdún kìíní mọ ẹṣin náà: Hans, ti ìlú Berlin. Nígbà tó fi máa di ọdún 1904, òkìkí ti kàn ní gbogbo Jámánì pé ó mọ ìṣirò. Ọ̀gbẹ́ni von Osten tó ni ín, olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, yóò bi í pé mélòó ni mẹ́ta pẹ̀lú mẹ́rin. Hans yóò fi pátákò lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀méje, yóò sì dúró. Àwọn ọ̀mọ̀wé pé jọ, wọ́n wò ó fínnífínní, wọn ò rí ẹ̀tàn kankan. Lóòótọ́ ni, kò sẹ́ni tó ń tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Ta ló wá rí ìdí rẹ̀? Oskar Pfungst ni. Ẹ gbọ́ ipò tó wà o: olùrànlọ́wọ́ tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ ni, ní láàbù Ọ̀jọ̀gbọ́n Carl Stumpf. Ó ní kí ẹni tí kò mọ ìdáhùn bi ẹṣin ní ìbéèrè. Ẹṣin ṣì í. Ó ṣe é kí ẹṣin má lè rí ẹni tó ń bi í; ẹṣin tún ṣì í. Ìgbà náà ló wá gbé ojú kúrò lára ẹṣin, tó ń wo ènìyàn. Ó rí i pé olùbéèrè a máa tẹ orí ba díẹ̀ láti wo ẹsẹ̀ ẹṣin, bí iye bá sì ti pé, orí rẹ̀ a gbéra sókè díẹ̀, láìmọ̀. Orí tó gbéra yẹn ni Hans ń wò. Ìwé Pfungst jáde lọ́dún 1907, a ṣì ń fi kọ́ ọmọ títí dòní. Ohun tí àwọn àgbà fojú fò, olùrànlọ́wọ́ ló rí i, nítorí pé ó dúró, ó wò, ó sì kọ ohun tó rí gan-an sílẹ̀.

Alága ti ń wo aago. Ẹ forí jì mí, ọ̀rọ̀ yìí ò tíì tán nínú mi.

Lọ́dún 1963, àwọn olùwádìí Robert Rosenthal àti Kermit Fode ní Amẹ́ríkà fún akẹ́kọ̀ọ́ 12 ní eku márùn-ún márùn-ún, kí wọ́n dán ọgbọ́n àwọn eku náà wò. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé láti ìran ni eku tiwọn ti gbọ́n. Wọ́n sọ fún àwọn yòókù pé tiwọn kì í tètè mọ nǹkan. Kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín àwọn eku náà. Síbẹ̀, nígbà tí èsì dé, àwọn eku “ọlọ́gbọ́n” ló ṣe dáadáa jù. Ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń retí ti ba iṣẹ́ wọn jẹ́, wọn ò sì mọ̀. Nítorí náà, bí ọ̀gá yín bá kọ̀ láti sọ ìpín tí olùkópa kan (ẹni tí a ń fi ṣe ìwádìí) wà, ẹ má bínú. Ó ń dáàbò bo iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá parí, ó di dandan kó jókòó, kó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá tí kò ṣàlàyé ṣáájú, tí kò tún ṣàlàyé lẹ́yìn, ẹrú ló ń wá.

Mo ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan wí, wọ́n sì wà níbí lónìí. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ ò lè ṣe ju kó pín ìwé ìbéèrè, kó sì gbà á padà. Ṣé ẹ rántí Diederik Stapel, gbajúmọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n saikọ́lọ́jì ní Tilburg, ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì? Èsì tó jókòó hùmọ̀ ló ń kó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Wọn ò rí ibi tí èsì ti wá, wọn ò bá ẹnikẹ́ni tó dáhùn ìbéèrè pàdé. Àwọn ọ̀dọ́ olùwádìí mẹ́ta tó wà lábẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ ló tú àṣírí náà lọ́dún 2011. Àpilẹ̀kọ rẹ̀ 58 ni wọ́n ti fà sẹ́yìn lórí ọ̀rọ̀ náà, pé kí ẹnikẹ́ni má gbára lé wọn mọ́. Bí a bá lé akẹ́kọ̀ọ́ jìnnà sí ibi tí èsì ti ń jáde, ta ni yóò rí i?

Ìlú yìí fúnra rẹ̀ lè jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ mi. Ẹnu iṣẹ́, níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Georgina Beier ṣe ní Òṣogbo lọ́dún 1964, ni àwọn bíi Twins Seven-Seven àti Muraina Oyelami ti fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà kọ́ àwòrán yíyà. Ẹnu iṣẹ́ náà ni a ti ń kọ́ ìwádìí.

Àwọn tó ń sọ pé kò sí láàbù nílùú wa, ẹ gbọ́: iṣẹ́ tí onímọ̀ saikọ́lọ́jì J. Ridley Stroop tẹ̀ jáde lọ́dún 1935 ò béèrè ju páálí, yíǹkì aláwọ̀ oríṣiríṣi àti aago lọ. Kọ “pupa” pẹ̀lú yíǹkì aláwọ̀ ewé, ní kí ènìyàn sọ àwọ̀ yíǹkì, kí o sì wo bí yóò ṣe pẹ́ tó kó tó dáhùn. Aago ti wà nínú fóònù yín.

Mo ti fẹ́ bọ́ sórí ìwé ìfọwọ́sí, èyí tí olùkópa fi ń sọ pé òun gbà láti kópa, nígbà tí ọmọbìnrin kan dìde lẹ́yìn. Ó ní: “Ẹ ṣé, mà. Ìkìrun ni mo ti ń wá. Tí mo bá yọ̀ǹda ara mi lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ta ni yóò san owó ọkọ̀ mi? Ọ̀gá tí mo lọ bá ní ẹni tó bá ń béèrè owó ò tíì ṣe tán láti kẹ́kọ̀ọ́.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo pa ìwé mi dé.

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí ọ kò dára. Tó bá jẹ́ ọmọ olówó nìkan ló lè yọ̀ǹda ara rẹ̀, ojú ọmọ olówó nìkan ni a ó máa fi wo ayé. Bí a bá rán wọn lọ bá àwọn ìyálọ́jà ní ọjà Ìgbọ̀nà, kí ni wọn ò ní rí? Lọ́dún 2008, onímọ̀ saikọ́lọ́jì Jeffrey Arnett tẹ àyẹ̀wò rẹ̀ lórí ìwé àtìgbàdégbà saikọ́lọ́jì ńlá mẹ́fà ti Amẹ́ríkà jáde. Nínú 100 ènìyàn tí wọ́n fi ṣe ìwádìí, 96 ló wá láti àwọn ilẹ̀ Òyìnbó tó ti gòkè àgbà, bẹ́ẹ̀ ènìyàn 12 péré nínú 100 láyé ló ń gbé ibẹ̀. À ń pariwo pé wọ́n yọ wá sílẹ̀. A ò wá gbọdọ̀ yọ ọmọ Ìkìrun sílẹ̀ nítorí owó ọkọ̀.

Owó ọkọ̀ kì í ṣe owó oṣù. Olùkọ́ tó bá ń wá owó ìwádìí lọ́dọ̀ TETFund, àjọ ìjọba tó ń fún ilé ẹ̀kọ́ gíga lówó, kó ti ro owó ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ìṣirò rẹ̀. Bí kò bá sówó, kó fi iṣẹ́ sí ọjọ́ tí ọmọ náà ti ní kíláàsì tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀: wákàtí mélòó lọ́sẹ̀? Báwo ni tí ìdánwò bá dé? Ta ló ń sanwó tí wọ́n bá rán mi jáde? Ṣé orúkọ mi yóò wà níbẹ̀ tí mo bá kópa nínú ìrònú iṣẹ́ náà? Gbígbé ọmọ ọ̀gá láti ilé ìwé kì í ṣe ìwádìí. Mo mọ̀ pé ẹ ò lè kọ̀ fún àgbà ní tààrà. Ẹ sọ pé: “Ẹ má bínú, sà, mò ń kó èsì àná sínú kọ̀ǹpútà.”

Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù, mo sáré mẹ́nu ba ìyókù. Olùkópa lè dáwọ́ dúró nígbàkígbà. Ẹ má bẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ kọ sórí ìwé rẹ̀, kì í ṣe orúkọ, kẹ́ ẹ má sì gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ibi tí kò dáhùn, ẹ fi sílẹ̀ lófìfo. Ọ̀gá tó rí yín lẹ́nu iṣẹ́ ló lè kọ lẹ́tà tó ní ìtumọ̀ fún yín lọ́jọ́ iwájú.

Ọmọkùnrin kan béèrè bóyá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lè bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Ka àpilẹ̀kọ kan tí ọ̀gá náà kọ, lọ kí i, kí o sì bi í pé: kí ni ẹ ń ṣe sí ìwé ìbéèrè tí olùkópa kò dáhùn tán? Tó bá ṣàlàyé ìlànà rẹ̀ fún ọ, jókòó, kí o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tó bá ní kí o bá wọn dí àlàfo náà, kí i dáadáa, kí o sì máa lọ sílé.