Ṣokoléètì Dúdú: Inú Kòkó Ni Àǹfààní Rẹ̀ Wà

Ẹ kú ìjókòó o. Ìbéèrè tí ẹ fi ránṣẹ́ ṣáájú ìpàdé yìí pọ̀, àmọ́ ibì kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn forí lé: ṣé lóòótọ́ ni ṣokoléètì dúdú ń ṣe ọkàn lóore? Ó ń ṣe é lóore níwọ̀nba. Kòkó inú rẹ̀ ló sì ń ṣiṣẹ́ náà. Ṣúgà tó mú un dùn kò lọ́wọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ ká wo inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló tẹ́ inú rẹ̀. Kòkó ní àwọn èròjà tí à ń pè ní flavanol, èyí tí wọ́n sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ jù nínú wọn ni epicatechin. Bó bá ti dénú ẹ̀jẹ̀, á mú kí awọ yẹn tú nitric oxide jáde. Afẹ́fẹ́ yìí ló ń mú kí ẹran tó yí iṣan ká dẹwọ́. Tó bá ti dẹwọ́, ọ̀nà á fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Báwo ni ìrànlọ́wọ́ náà ṣe tó? Ní 2017, àjọ Cochrane, tó máa ń ṣàyẹ̀wò àwọn ìwádìí ìṣègùn, kó ìwádìí 35 jọ, wọ́n sì gbé wọn yẹ̀ wò. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn tó lo kòkó tó ní flavanol dáadáa fi nǹkan bíi 1.8 mmHg (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá) lọ sílẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má torí ṣokoléètì pa oògùn yín tì. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní COSMOS tún jáde ní Amẹ́ríkà ní 2022. Àwọn àgbàlagbà tó lé ní 21,000 ló kópa. Wọ́n fún àwọn kan ní 500 mílígíráàmù flavanol kòkó lójúmọ́, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní kápúsù tí kò ní in nínú. Àpapọ̀ àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù, ṣùgbọ́n ikú tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ń fà fi ìdá 27 nínú 100 dín. Èyí wú mi lórí gan-an. Àmọ́ ẹ kíyè sí i: kápúsù ni wọ́n gbé mì, wọn ò jẹ ṣokoléètì.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Flavanol korò. Bí wọ́n ti ń bo kòkó mọ́lẹ̀ kó lè kan, tí wọ́n tún ń yan án, bẹ́ẹ̀ ló ń dín kù. Èyí tó ń pa á jù ni alkali, ìyẹn èròjà bíi káún, tí Coenraad van Houten, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, gbé dé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó ń mú kí kòkó dúdú sí i, kí ìkorò rẹ̀ sì rọlẹ̀. Nítorí náà, dídúdú nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. 70% kòkó tí wọ́n kọ síwájú páálí pàápàá kì í ṣe ẹ̀rí tó pé, torí ọ̀rá kòkó, tí flavanol kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú rẹ̀, wà nínú ìṣirò yẹn. Ẹ yí páálí náà padà. Bí ṣúgà bá ṣáájú kòkó nínú orúkọ àwọn èròjà, tàbí tí ẹ bá rí alkali níbẹ̀, ẹ wá òmíràn.

Ní ti oúnjẹ ara, èyí tó wà láàárín 70 sí 85% kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Nínú 30 gíráàmù, ẹ óò rí nǹkan bíi 70 mílígíráàmù magnesium àti irin tó lé ní 3 mílígíráàmù. Irin yẹn kì í wọra tán, torí èròjà kòkó fúnra wọn máa ń dì í mú nínú ìfun. Kálórì bíi 180 àti ṣúgà bíi 7 gíráàmù sì bá a wá.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni òjé àti cadmium, mẹ́táàlì olóró méjì. Ní 2022, Consumer Reports, àjọ Amẹ́ríkà tó ń dán ọjà wò fún àwọn oníbàárà, yẹ ṣokoléètì dúdú 28 wò. Nínú 23 lára wọn, ẹni tó bá ń jẹ 28 gíráàmù lójoojúmọ́ yóò kọjá ààlà tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, ó kéré tán fún ọ̀kan nínú méjèèjì. Gbòǹgbò igi kòkó ló ń fa cadmium látinú ilẹ̀. Òjé ní tirẹ̀ sábà máa ń bá eruku lẹ̀ mọ́ kòkó níbi tí wọ́n sá a sí. Nítorí èyí, mi ò ní kí aláboyún tàbí ọmọdé máa jẹ ẹ́ lójoojúmọ́. Fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, 20 sí 30 gíráàmù, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀, ti tó. Ẹ má sì dúró sórí ti ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹni tí oorun kì í tètè kùn, kó jẹ tirẹ̀ lówùúrọ̀, torí kafiínì wà nínú rẹ̀.